Kí Ó Tó Di Fóòmù: Kẹ́míkà Tí Kò Gbọdọ̀ Rí Omi

Tí ẹ bá ń ka èyí lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí àga onítìmùtìmù, ẹ fọwọ́ tẹ ohun tí ẹ jókòó lé wò. Nǹkan tó rọ̀, tó ń wọlé, tó tún ń padà sókè yẹn, nǹkan olómi ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n da oríṣi méjì pàtàkì pọ̀, wọ́n fi èròjà díẹ̀ kún un, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti wú, ó ti ga, ó ti dì. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní polyurethane. Àwa ń pè é ní fóòmù.

Èkíní nínú nǹkan olómi méjì yẹn ni polyol. Ó ń fà bí oyin, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Èkejì ni toluene diisocyanate, tí gbogbo ilé iṣẹ́ fóòmù ń pè ní TDI. Ó máa ń mọ́ gaara, tàbí kó ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́. Tí ẹ bá rí i nínú ìgò, ẹ lè rò pé nǹkan lásán ni. Kì í ṣe nǹkan lásán rárá.

Iṣẹ́ fóòmù ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa. Vitafoam ti wà ní Nàìjíríà láti 1962. Àmọ́ kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló ń da kẹ́míkà yìí pọ̀ mọ́. Fídíò tó ń kọ́ni bí a ṣe lè po fóòmù nínú àpótí onígi wà káàkiri orí YouTube, ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ ọwọ́ sì ń wò ó. Ẹ ó rí èyí tí ẹni tó ń po nǹkan ò wọ ìbọ̀wọ́, tí ò bo imú, tí ó tẹ orí wọ inú kèrègbè tó ń rò pọ̀. Fóòmù á sì wú lóòótọ́, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Ohun tí fídíò ò lè fi hàn yín ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà ẹni yẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbí: ìwà tó mú kí TDI wúlò gan-an náà ló mú kó léwu. Tí ẹ bá ti mọ ìwà yẹn, ẹ ò ní há òfin ààbò kankan sórí. Ẹ ó máa rí ìdí rẹ̀ fúnra yín.

Ìwà wo nìyẹn?

Nínú mólékù TDI kọ̀ọ̀kan, ibi méjì wà tí átọ́ọ̀mù mẹ́ta ti tò lé ara wọn: náítírójìn, káríbọ́ọ̀nù, ọ́síjìn. Wọ́n máa ń kọ ọ́ báyìí: N=C=O. Isocyanate ni wọ́n ń pe ìtò yìí. Káríbọ́ọ̀nù tó wà láàárín ló ní wàhálà. Náítírójìn ń fa ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́wọ́ lápá kan, ọ́síjìn ń fà á lápá kejì. Ó dà bí ọmọ tó jókòó sáàárín ẹ̀gbọ́n méjì tó ń jẹ ẹran inú àwo rẹ̀. Ebi ò ní yé pa á.

Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ní ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó lè fi ta á lọ́rẹ, tó sì ní háídírójìn lára, isocyanate á di mọ́ ọn. Polyol ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní orí àwọn mólékù rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń po méjèèjì pọ̀ nìyẹn: TDI ní ọwọ́ méjì, polyol ní ọwọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á di ara wọn mú títí wọn á fi di àwọ̀n ńlá kan. Àwọ̀n yẹn ni polyurethane.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ nìyí: TDI ò mọ̀ pé nítorí polyol ni wọ́n ṣe rà á. Omi náà ní háídírójìn. Púrótéènì inú ẹran ara wa náà ní in. Ẹni tí ebi ń pa kì í yan oúnjẹ.

Otto Bayer, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leverkusen ló ṣàwárí ọ̀nà yìí ní 1937. Orúkọ rẹ̀ bá ti ilé iṣẹ́ Bayer mu, ṣùgbọ́n kò bá àwọn tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ tan. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ ni pé omi bíńtín máa ń wọ inú àwọn ohun tí wọ́n ń ṣe, ihò á wá kún inú rẹ̀ yánnayànna. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá ni wọ́n rí i pé ihò yẹn gan-an ni iṣẹ́. Omi tí wọ́n ń sá fún ló bí fóòmù.

Pọ́fù-pọ́fù tí kò lo yíìsì

Ṣé ẹ mọ bí ìyẹ̀fun pọ́fù-pọ́fù ṣe ń wú? Yíìsì ń jẹ ṣúgà, ó ń tú gáàsì carbon dioxide jáde, gáàsì náà ò rọ́nà jáde nínú ìyẹ̀fun tó ń fà, ó bá di ihò. Fóòmù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ TDI fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yíìsì. Tó bá pàdé omi, carbon dioxide á jáde, ooru á sì jáde pẹ̀lú.

Fún fóòmù bẹ́ẹ̀dì lásán, ẹ fojú inú wo kílò 100 polyol. Wọ́n á fi omi bíi kílò 4 sí i, pẹ̀lú TDI bíi kílò 50. Sílíkónì díẹ̀ á wà níbẹ̀ kí ihò náà má bàa bẹ́ kó tó dì. Ámáìnì díẹ̀ á mú kí omi àti TDI tètè ṣiṣẹ́, èròjà tánganran díẹ̀ á mú kí polyol àti TDI tètè dì. Àwọn méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ rìn pọ̀. Tí gáàsì bá yára ju dídì lọ, fóòmù á ya tàbí kó wó lulẹ̀. Tí dídì bá yára jù, gáàsì ò ní ráyè jáde, fóòmù á sún kì.

Ẹ kíyè sí i pé wọ́n wọn omi yẹn ni. Ìyàtọ̀ láàárín fóòmù àti jàǹbá kò ju kí a mọ iye omi, ibi tó wà, àti ìgbà tó wọlé.

Ooru ńkọ́? Àárín fóòmù ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lè gbóná kọjá 150°C. Ara ìta rẹ̀ á tutù, ẹ lè fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n fóòmù kì í jẹ́ kí ooru kọjá, gbogbo iná yẹn á wà nínú fún wákàtí mélòó kan. Tí ẹni tó po ó bá fi omi àti TDI kún un ju bó ṣe yẹ lọ kí fóòmù lè fúyẹ́ kí ó sì dín owó kù, àárín yẹn lè pọ́n, kó di dúdú, kó gbiná fúnra rẹ̀ láàárín òru nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í fi í to fóòmù tuntun léra. Wọ́n á fi àlàfo sáàárín wọn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, wọ́n á sì yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́.

Tí omi bá wọ dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n dé pa

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Gíráàmù 18 omi máa ń mú gíráàmù 44 carbon dioxide jáde, ìyẹn sì tó nǹkan bíi lítà 24. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ gíráàmù 500. Tí gbogbo rẹ̀ bá bá TDI ṣiṣẹ́ tán, gáàsì tó máa jáde á tó lítà 670.

Dúrọ́ọ̀mù TDI sábà máa ń gba kílò 250. Tó bá kún, ká ní àlàfo tó kù lókè tó lítà 20. Ẹ wá fi lítà 670 há inú lítà 20. Ìyẹn ju ìlọ́po 30 lọ. Irin dúrọ́ọ̀mù ò lè gba ìdajì ìdajì rẹ̀. Á wú bí ikùn àìsàn, tó bá yá á bú.

Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé kì í ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. TDI wúwo ju omi lọ, omi á léfòó sókè rẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì tètè pò. Níbi tí wọ́n ti fara kanra nìkan ni iṣẹ́ á ti máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó dé e pa lè lọ sílé, kó jẹun, kó sùn. Bí ooru ṣe ń pọ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ náà á máa yára sí i.

Báwo ni omi ṣe ń wọlé? Kì í ṣe ìgbà tí ẹnì kan bá bu omi sí i nìkan. Ẹ fojú inú wo dúrọ́ọ̀mù tó dúró síta nígbà òjò. Omi òjò á dúró sí orí rẹ̀, yí ìdérí kékeré yẹn ká. Lọ́sàn-án, oòrùn á mú kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀, díẹ̀ á jáde. Lóru, nígbà tó bá tutù, dúrọ́ọ̀mù á fa afẹ́fẹ́ padà sínú, á sì fa omi orí rẹ̀ mọ́ ọn gba ibi ìdérí tí kò le dáadáa. Báyìí ni dúrọ́ọ̀mù ṣe ń mu omi láìsí ẹni tó fún un. Afẹ́fẹ́ ìlú bí Èkó nígbà òjò fúnra rẹ̀ kún fún omi. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fa TDI jáde, afẹ́fẹ́ ló ń rọ́pò rẹ̀.

Tí dúrọ́ọ̀mù bá ti wú, ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ má sì sọ pé ẹ fẹ́ tú u wò. Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ lé àwọn yòókù kúrò, ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ àti panápaná.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bhopal

Ẹbí isocyanate pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni methyl isocyanate. Wọn kì í fi ṣe fóòmù, oògùn apakòkòrò ni wọ́n ń fi ṣe ní ilé iṣẹ́ Union Carbide tó wà ní Bhopal, ní Íńdíà. Ní òru ọjọ́ 2 mọ́jú ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1984, omi wọ inú táǹkì kan tí bíi tọ́ọ̀nù 40 rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Títí dòní ni wọ́n ń jiyàn lórí bí omi náà ṣe débẹ̀. Kò sí iyàn lórí ohun tó ṣe. Ó gbóná, ó hó, ó sì tú jáde sínú afẹ́fẹ́ nígbà tí àwọn ará ìlú ń sùn.

Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa mú táǹkì náà tutù, wọ́n ti pa á láti oṣù mélòó kan ṣáájú. Páìpù tó yẹ kó gbé gáàsì lọ síbi tí iná á ti jó o, wọ́n ti tú u nítorí àtúnṣe. Ìjọba ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh ka òkú 3,787. Àwọn mìíràn ní wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn tí gáàsì náà bá lára ju ìdajì mílíọ̀nù lọ.

TDI kì í fò lọ bẹ́ẹ̀. Methyl isocyanate ń hó ní 39°C péré. Ó di nǹkan bíi 250°C kí TDI tó hó. Nítorí náà, dúrọ́ọ̀mù TDI kan ò lè di Bhopal. Àmọ́ ìwà ẹbí náà kan náà ni: ebi omi, ooru, gáàsì. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì yé wa: ààbò tí wọ́n kọ́ tí wọn ò tan, bíi pé wọn ò kọ́ ọ ni.

Tó bá gba imú wọlé

Púpọ̀ àwọn tí TDI ń pa lára ò rí dúrọ́ọ̀mù tó bú rí láyé wọn. Díẹ̀díẹ̀ ló gba imú wọn wọlé.

TDI tó wà nínú ike lójú gbangba máa ń tú èéfín tí ojú ò lè rí. Èéfín náà á dé inú ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, níbi tó tutù tí púrótéènì sì pọ̀. Isocyanate á ṣe bí ìṣe rẹ̀, á di mọ́ púrótéènì wọ̀nyẹn. Àwọn ọmọ ogun ara wa á wá rí púrótéènì tí ìrísí rẹ̀ ti yí padà, wọ́n á ní àjèjì ni. Nínú ara àwọn kan, wọ́n á há àjèjì yẹn sórí títí láé. Láti ọjọ́ náà lọ, TDI ti di èèwọ̀ fún ara ẹni yẹn. Èyí tó kéré jọjọ, tí kò lè ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan kan, lè sé e lémìí. Ikọ́ fée tí àwọn kan mọ̀ sí ásímà nìyẹn, isocyanate sì wà lára àwọn ohun tó ń fa irú rẹ̀ jù lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti pa àwọn tí ara wọn ti kọ̀ ọ́ tí wọ́n tún padà sídìí rẹ̀.

Mélòó ló ti pọ̀ jù? Òfin OSHA ní Amẹ́ríkà ní kò gbọdọ̀ kọjá 0.02 nínú mílíọ̀nù afẹ́fẹ́ nígbà kankan. Àjọ ACGIH níbẹ̀ náà tún mú un wálẹ̀ gan-an: láàárín wákàtí mẹ́jọ, ẹyọ kan nínú bílíọ̀nù kan. Kí ẹ lè mọ bó ṣe kéré tó, bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ju ọdún 31 lọ. Ẹyọ ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo nínú ọdún 31 ni.

Ẹni tó bá wá ń sọ pé “mi ò gbóòórùn nǹkan kan, kò séwu,” ẹ bá mi sọ fún un pé imú kì í tètè gbóòórùn TDI. Kí òórùn rẹ̀ tó dé imú yín, ó ti kọjá ìwọ̀n yẹn tipẹ́. Ìbòmú aláṣọ tí a lò nígbà kòrónà ò sì lè dá a dúró, torí gáàsì ni, kì í ṣe eruku.

Ohun kan tún wà tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Àyà lè má fún lẹ́nu iṣẹ́. Ó lè di wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti délé, tàbí òru, kí ikọ́ àti mímí fíìfíì tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ibà ni, tàbí òtútù. Àmì tó yẹ kí ẹ wò ni èyí: tí ó bá ń rọlẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ tàbí nígbà ìsinmi, tó tún ń padà wá bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì dárúkọ kẹ́míkà tí ẹ ń lò fún un. Dókítà tí ẹ ò bá sọ fún ò lè mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ́n ọ̀dà sára mọ́tò náà. Hádínà tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà oníméjì máa ń ní isocyanate nínú. Ní Britain, àjọ HSE ní ewu ikọ́ fée tó wà fún àwọn tó ń fọ́n irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 80 ti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù.

Bí àwọn tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe é

Ẹ wo bí gbogbo òfin yìí ṣe ń tọ́ka sí ìwà kan náà.

Ibi ìpamọ́: Abẹ́ òrùlé, ibi gbígbẹ, tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí oòrùn ò ti ń pa á. Wọn kì í tọ́jú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ámáìnì, ásíìdì tàbí kọ́sítíìkì sódà. Fún táǹkì ńlá, náítírójìn gbígbẹ tàbí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti gbẹ omi ara rẹ̀ ló ń wọlé rọ́pò èyí tí wọ́n fà jáde. Wọ́n á mọ ògiri kọnkéré kékeré yí táǹkì ká kí èyí tó bá jò má bàa ṣàn lọ. TDI tí wọ́n sábà ń lò ń dì ní nǹkan bíi 14°C, nítorí náà nílẹ̀ olótùútù wọ́n tún ń dáàbò bò ó kó má bàa dì.

Bíbù ú: Pọ́ǹpù àti páìpù ni. Wọn kì í da dúrọ́ọ̀mù dojú dé sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọn kì í sì í fi ẹnu fa rọ́bà bí ẹni ń fa epo mọ́tò. Ohun tí wọ́n fi ń bù ú gbọ́dọ̀ gbẹ táútáú. Wọn kì í sì í rọ ọ́ sínú ìgò kóòkì tàbí ti omi mímu, torí ọmọdé ò mọ̀wé tó wà lára ìgò, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ò sì ní kà á.

Pípò ó: Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde á wà lórí ibi tí fóòmù ti ń wú, nítorí bí ooru bá ṣe ń pọ̀ ni èéfín TDI ń pọ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka iye TDI nínú afẹ́fẹ́ á wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ á wọ ìbọ̀wọ́ nitrile tàbí butyl, gọ́gù tó bo ojú pátápátá, aṣọ alápá gígùn, àti, níbi tí èéfín bá ti lè pọ̀, ìbòmú tí páìpù ń gbé afẹ́fẹ́ mímọ́ wá fún.

Àyẹ̀wò ara: Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á yẹ èémí rẹ̀ wò, wọ́n á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò látìgbàdégbà. Ẹni tó bá ti ní ikọ́ fée tẹ́lẹ̀ ò yẹ kó wà nídìí TDI.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè European Union, láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 2023, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ohun tí diisocyanate inú rẹ̀ ju 0.1% lọ ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ààbò. Gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà pàápàá wà nínú òfin náà.

Tó bá dà sílẹ̀ ńkọ́?

Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni ká bu omi sí i, ká fi ìgbálẹ̀ gbá a sínú gọ́tà. Rárá o.

Àwọn tí kò wọ ohun ààbò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kíákíá. Àwọn tó wọ̀ ọ́ á da yanrìn tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́ọ̀mìlì lé e títí yóò fi fà á mu, wọ́n á fi ṣọ́bìrì kó o sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á gbé e síta. Wọ́n á wá da omi ìpalára rẹ̀ sí i: omi tí wọ́n fi sódà áàṣì 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún sí, pẹ̀lú ọṣẹ olómi díẹ̀. Sódà áàṣì tí àwọn aláṣẹ ọṣẹ ń rà ni o, kì í ṣe kọ́sítíìkì sódà. Ọṣẹ yẹn ń jẹ́ kí omi àti TDI lè pò, kí ebi rẹ̀ lè tán. Wọn ò gbọdọ̀ dé dúrọ́ọ̀mù yẹn pa fún wákàtí 48 ó kéré tán, torí carbon dioxide á ṣì máa jáde.

Tó bá ta sí ara, ẹ bọ́ aṣọ tó kàn, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́ kíákíá. Tó bá ta sí ojú, omi tó mọ́ tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15 gbáko, lẹ́yìn náà ó di ilé ìwòsàn. Ẹni tó fa èéfín rẹ̀ símú gbọ́dọ̀ jáde síta, kó lọ sí ilé ìwòsàn, kódà bó bá ní ara òun ti yá. Ẹ rántí ohun tí a sọ nípa òru.

Dúrọ́ọ̀mù òfìfo kì í ṣe òfìfo

Bóyá ibí yìí ló sún mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa jù. Dúrọ́ọ̀mù jẹ́ ọjà nílẹ̀ wa. A ń fi pọn omi, a ń fi tọ́jú epo pupa, àwọn wẹ́dà ń gé e fi ṣe ààrò sùyà àti ìkòkò ńlá.

TDI máa ń ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ àti etí dúrọ́ọ̀mù. Ẹni tó fọ̀ ọ́ lóréfèé tó sì dé e pa ti gbé nǹkan tó lè bú sílé. Tí omi bá bá èyí tó ṣẹ́kù ṣiṣẹ́, ó lè di toluene diamine, ohun tí àjọ IARC kà mọ́ àwọn tó ṣeé ṣe kó fa àrùn jẹjẹrẹ. TDI fúnra rẹ̀ wà nínú ìsọ̀rí kan náà. Ẹ má fi irú dúrọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ tọ́jú omi mímu tàbí oúnjẹ, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Wẹ́dà tó bá sì gbé iná lé e, èéfín tó máa jáde lè ní háídírójìn sáyánáìdì nínú, májèlé tó ń pa kíákíá. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára dúrọ́ọ̀mù kí ẹ tó dúnàá-dúrà. Tí wọ́n bá ti ha á kúrò, ẹ fi sílẹ̀.

Ṣé bẹ́ẹ̀dì mi wá léwu ni?

Rárá. Fóòmù tó ti jinná délẹ̀, ebi TDI inú rẹ̀ ti tán. Ó ti rí polyol àti omi dì mú, kò wá ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ sùn dáadáa.

Iná nìkan ni ẹ ní láti ṣọ́ra fún. Fóòmù ń jó kíákíá, èéfín rẹ̀ sì máa ń ní carbon monoxide àti sáyánáìdì. Ní ilé ijó Kiss ní Santa Maria, ní Brazil, ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2013, iná ran fóòmù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àjà, èèyàn 242 sì kú. Èéfín ló pa púpọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, kò sí àbẹ́là tàbí ẹ̀fọn onírin tó ń jó létí bẹ́ẹ̀dì.

Kí ẹ tó sanwó iṣẹ́

Mi ò ní kí ẹ má ṣe iṣẹ́ fóòmù. Iṣẹ́ gidi ni, ó ń bọ́ ìdílé púpọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ní kí ẹ wá kọ́ ọ, tàbí tí wọ́n bá gbà yín síbẹ̀, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mélòó kan:

– Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè rí ìwé ààbò kẹ́míkà yìí? Gbogbo ẹni tó ń ta TDI bó ṣe yẹ ló ní ìwé alápá mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń pè ní SDS.
– Níbo ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde nígbà tí fóòmù bá ń wú?
– Irú ìbòmú wo ni ẹ ó fún mi, ta ni yóò sì kọ́ mi bí mo ṣe máa wọ̀ ọ́?
– Níbo ni fóòmù tuntun ń sùn, ta ló ń ṣọ́ ọ lóru?
– Tó bá dà sílẹ̀, kí lẹ máa ń ṣe?

Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní bínú sí irú ìbéèrè yìí. Inú rẹ̀ á dùn pé ẹ béèrè. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín tó ní “àwa ti ń ṣe é tipẹ́, kò ṣe wá ní nǹkan kan,” ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ. Owó iṣẹ́ á tún wá. Ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Tí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń po fóòmù, tó ń kun mọ́tò, tàbí tó ń gé dúrọ́ọ̀mù, tó sì máa ń wúkọ́ lóru, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i lónìí.